Mọ́tò Tí Kò Gbóná

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ sí mi lọ́jọ́ náà kò gùn, ṣùgbọ́n máìkì ni wọ́n fi sọ ọ́. "Madam na tif!" Mo kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, nítorí pé láti ìgbà náà ni àwọn kan ti ń bá mi fọ ọ̀rọ̀ náà mọ́, pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe wí i, pé eré ni, pé bí Warri ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Warri ni wọ́n bí mi sí. Mo mọ bí Warri ṣe ń ṣeré, mo sì mọ bó ṣe ń pe ènìyàn lólè.

Bàbá mi wà lórí àga oníke lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá nígbà tí wọ́n sọ ọ́. Ibẹ̀ gan-an ni ẹjọ́ mi ti bẹ̀rẹ̀. Ká ní èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀, bóyá ǹ bá fi èdè wọn dá wọn lóhùn kí n sì máa lọ sílé. Ṣùgbọ́n bàbá mi ta aṣọ ní àdúgbò Agbassa láti ìgbà èwe rẹ̀ títí orúnkún rẹ̀ fi kọ̀ fún un. Ìjẹ̀bú ni, kì í ṣe ọmọ ìlú. Ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìlú kò ní ilẹ̀ tí yóò fi yangàn, orúkọ rẹ̀ nìkan ló ní. Òun ló kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, kí n tó mọ ìwé kà.

Ohun tí à ń ṣe níbẹ̀ rèé. Ní Ajamimogha, lẹ́yìn ilé àlejò kan, pápá tẹ́níìsì kan wà tí ẹnikẹ́ni kò gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ mọ́. Ní ọ̀sán Sátidé, àwa kan máa ń kóra jọ síbẹ̀, a ó fi páìpù onírọ́bà la ojú ọ̀nà sílẹ̀, a ó sì fi ọkọ̀ rìmóòtù díje. Kì í ṣe èyí tí wọ́n ń tà fún ọmọdé ní Enerhen lásìkò ọdún o, tí yóò ti kú kí ìrẹsì ọdún tó tán nínú ìkòkò. Ọkọ̀ tiwa, bó bá gbá ọ lẹ́sẹ̀, wàá lọ tọ́jú ẹsẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ ló jẹ́ ọkùnrin tó ti ṣiṣẹ́ pẹ̀lú àwọn elépo rí. Èmi ń kọ́ni ní físíìsì ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Yunifásítì ni mo ti kọ́ ọ, n kò sì kọ́ ọ láti há a sórí lásán. Èmi nìkan ni obìnrin tó ń wa ọkọ̀ níbẹ̀. Àwọn ìyàwó wọn máa ń gbé kúlà wá. Èmi ń gbé àpótí irinṣẹ́ wá.

Bàbá fẹ́ràn ibẹ̀. Láti ìgbà tí màmá mi ti lọ, ilé ti dákẹ́ jù fún un, ìgbe àwọn ọkọ̀ náà sì ń dá a lára yá. "Àwọn eku" ló ń pè wọ́n. Bí a bá ti dé, yóò ní, "Eku tìrẹ dà?" Màá fi hàn án, yóò sì fi ọ̀pá ìtẹ̀lẹ̀ rẹ̀ kàn án díẹ̀ bí ẹni ń kí i.

Kí n tó dé ibi tí wọ́n ti pè mí lólè, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí wọ́n ní mo jí.

Mọ́tò ni à ń pe ẹ̀rọ iná kékeré tó ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀. Ọkọ̀ fúnra rẹ̀, ọkọ̀ la ń pè é. Mọ́tò tiwa kò ní búrọ́ọ̀ṣì, ìyẹn ni pé kò sí kábọ̀nù tó ń ha ara rẹ̀ nínú rẹ̀ títí tí yóò fi jẹ tán. Òòfà ló wà láàárín, òun ló ń yí. Wáyà tí a wé kíká ló yí i po, àwọn kò kúrò lójú kan. Iná á wọ wáyà kan, wáyà náà á fa òòfà mọ́ra. Kí òòfà tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ dáadáa, iná ti ṣí lọ sí wáyà kejì, èkejì ti ń pè é. Bí wọ́n ṣe ń fà á tìhín fà á tọ̀hún nìyẹn, òun náà ń sáré lé wọn, kò sì ní bá ìkankan láéláé.

Ṣùgbọ́n iná kì í kún inú wáyà lẹ́ẹ̀kan náà, ó ń gba àyè díẹ̀. Nítorí náà, a gbọ́dọ̀ tètè pè é. Bó o bá wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta láti Enerhen, tó o sì fẹ́ sọ̀ ní ẹnu ọ̀nà ilé rẹ, o kò ní dúró kó dé ẹnu ọ̀nà kó o tó pariwo "Drop o!" Bó o bá dúró, yóò gbé ọ kọjá, wàá fẹsẹ̀ rìn padà. Bí kẹ̀kẹ́ bá ń sáré gan-an, wàá tètè ké sí i. Bó bá sì ń rọra lọ, tó o wá tètè ké jù, iwájú gọ́tà ẹlòmíì ni yóò já ọ sí. Bí a ṣe ń tètè ké tó yẹn ni à ń pè ní táímìn.

Ìdérí kan wà lẹ́yìn mọ́tò, ó ní ojú kéékèèké nínú tó ń ṣọ́ òòfà. Tó o bá tú síkúrù rẹ̀ díẹ̀, o lè yí ìdérí náà síwájú tàbí sẹ́yìn, táímìn á sì yí pẹ̀lú rẹ̀. Wọ́n lẹ sítíkà onílà mọ́ ara mọ́tò kí o lè mọ ibi tó o yí i dé. Òfin ẹgbẹ́ wa ni pé kí ẹnikẹ́ni má kọjá ìlà kẹta. Àwọn ènìyàn mi wá sọ òfin di ẹ̀sìn. Gbogbo wọn ló yí ìdérí wọn dé orí ìlà kẹta, tí wọ́n fún síkúrù pa, tí ẹnikẹ́ni kò bi ara rẹ̀ bóyá ibẹ̀ ló yẹ kó wà. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé bí táímìn bá pọ̀, mọ́tò á yí kíákíá. Òótọ́ ni, lójú ọ̀nà tó gùn tó sì tọ́. Pápá tẹ́níìsì ni tiwa! Kọ́nà ló kún ibẹ̀. Ọkọ̀ kò ní pẹ́ sáré tán tí yóò tún dẹwọ́, tí yóò tún bẹ̀rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ inú gosílóò ni, wọ́n sì ń ké "Drop o!" láti òpin títì. Ìpè tó yá jù máa ń mú kí wáyà àti òòfà bára wọn jà, ìjà náà ló sì ń di ooru. Ìdí nìyẹn tí mọ́tò wọn fi máa ń gbóná bí ààrò lẹ́yìn eré. Wọ́n á fi ìka kàn án, wọ́n á gbọn ìka, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní "E don cook!" Ooru yẹn di ohun ìyangàn láàárín wọn.

Èmi yí tèmi padà. Mo jókòó ní fàrándà ilé wa ní Agbassa, mo so mọ́tò mọ́ bátìrì àti mítà, mo ń yí ìdérí díẹ̀díẹ̀, mo ń wo bí iná tó ń mu ṣe ń lọ sílẹ̀, mo ń gbọ́ bí ohùn rẹ̀ ṣe ń jìn, títí mo fi dúró sí ìlà kejì. Agbára ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pọ̀ sí i, kò sì gbóná mọ́. Nítorí pé kò gbóná, àyè wà láti di ẹrù lé e. Mo yọ jíà kékeré orí rẹ̀, mo fi èyí tí eyín rẹ̀ pọ̀ jù ú lọ síbẹ̀, kí n lè fi rí eré tó dínkù gbà padà. Mo dán an wò lórí sìmẹ́ńtì ilé ẹ̀kọ́ wa lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti lọ sílé. Ó yọ jáde nínú kọ́nà bí ẹni tí wọ́n tì láti ẹ̀yìn. Mo fẹ́ kí ó yé gbogbo ayé pé n kò sùn kí n fi ojú àlá rí i. Mo rò ó, mo ṣírò rẹ̀, mo sì jẹ́rìí sí i. Inú mi dùn débi pé nígbà tí Bàbá béèrè ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín, mo ní, "Eku mi ti gbọ́n, Bàbá."

Ó ní, "Ta ló kọ́ ọ?"

"Èmi ni."

"Ó dáa. Kí ó má gbàgbé."

Sátidé ìdíje dé. Kì í ṣe owó la ń gbà, ife oníke kan tí wọ́n kùn ní àwọ̀ wúrà ni. Ọkọ̀ alága ẹgbẹ́, pupa ni, òun ló máa ń gba ife náà. Lọ́jọ́ yẹn, ní iwájú ibi tí Bàbá jókòó sí, níbi tí ọ̀nà ti tọ́ díẹ̀, ọkọ̀ pupa máa ń kọjá tèmi. Tí a bá dé kọ́nà, tèmi á yọ kọjá nínú rẹ̀ bí àkàrà tó yọ nínú epo. Bí a ṣe ń ṣe é lọ nìyẹn, títí kọ́nà fi borí títọ́, tí mo kọ́kọ́ dé. Bàbá na ọ̀pá rẹ̀ sókè, ó ń kígbe ní Yorùbá láàárín gbogbo Pidgin tó wà níbẹ̀: "Eku mi! Eku mi rèé o!" Àwọn kan rò pé ó rí eku gidi, wọ́n ń wo abẹ́ àga wọn.

Àṣà ẹgbẹ́ ni pé alága ló máa ń yẹ mọ́tò ẹni tó bá ṣe ipò kìíní wò. Lọ́jọ́ yẹn, alága ló ṣe ipò kejì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró lórí gbólóhùn yẹn díẹ̀. Ẹni tí mo nà ló wá di adájọ́ mi, kò sì sí ọmọ ẹgbẹ́ kan tó rí ohun tó burú níbẹ̀.

Ó na ìka sí mọ́tò mi bí ẹni tó ti múra láti fà á padà. Ìka náà dúró síbẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án. Ó wò mí.

"E no hot."

"Yes, e no hot," ni mo wí.

"Abi e no run?"

Ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn, "E run na! E run leave you!" Ẹ̀rín bú. Ẹ̀rín yẹn ló ṣe mí ní jàǹbá, mo mọ̀ ọ́n lónìí, nítorí ojú alága le lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó yí mọ́tò náà sẹ́yìn, ó wo sítíkà.

"Second line? Na second line carry you pass me?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Mo ti dé ibi kẹ̀kẹ́ tó wà nínú gosílóò nígbà tó gbé àtẹ́lẹwọ́ sókè sí mi. Olùkọ́ ni mí. Mo mọ ọwọ́ yẹn. Ọwọ́ tí à ń gbé sí ọmọ tó ń wí àwáwí ni. Ó lọ tú mọ́tò tirẹ̀ wá, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ tèmi lórí tábìlì, ó to ẹsẹ̀ wáyà wọn dọ́gba. Lóòótọ́, ìlà orí sítíkà méjèèjì kò bọ́ sí ojú kan náà. Ó fi ìka gbá tábìlì.

"Una see am? Her sticker don shift. She comot am, gum am back. Wetin she dey call second line na four or five."

Onímáìkì ẹgbẹ́ wa, ẹni tí n kò tíì rí síkúrù lọ́wọ́ rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, kò béèrè ọ̀rọ̀ kan. Ó gbé máìkì sẹ́nu. "Ehen! Chairman don catch am o! Madam na tif! Madam na tif!"

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Mo wo apá ibi tí Bàbá wà. Ọ̀pá rẹ̀ ti wá sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí wọ́n ṣe láìda ọ̀rọ̀ rú. Wọ́n fi ọ̀tá ṣe onídàájọ́. Kò sí ẹni tó wo gúùmù abẹ́ sítíkà mi bóyá ọwọ́ kàn án. Ohun méjì kò dọ́gba, wọ́n wá sọ pé tèmi ló wọ́, ta ló sọ fún wọn pé kì í ṣe tirẹ̀? Mọ́tò bíi mẹ́wàá mìíràn wà ní pápá yẹn, kò sí ẹni tó ní kí wọ́n gbé ẹyọ kan sí i wá. Wọ́n kéde kí wọ́n tó bi mí. Èyí tó dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀ ni pé wọ́n gbé ife náà fún alága níbẹ̀ lójú mi, ó sì gbà á. Ó gbà á!

Nínú kẹ̀kẹ́ tó gbé wa lọ sílé, Bàbá ń wo ọ̀pá rẹ̀ títí a fi kúrò ní GRA. Ó wá ní, "Kí ni wọ́n ní o jí?"

"Sítíkà, Bàbá."

"Sítíkà?"

"Àmì ìwọ̀n ni. Wọ́n ní mo sún ìwọ̀n."

Ó yí ojú sí ìta. "Ìwọ̀n," ló wí. "Ó sàn kí wọ́n ní o jí ewúrẹ́."

Ẹni tí kò bá dàgbà sí ìsọ̀ aṣọ lè má mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe wúwo tó. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tí ń gbé òkè òkun rẹ́rìn-ín nígbà tí mo sọ fún un lórí fóònù. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo rántí ojú Bàbá.

Kí kẹ̀kẹ́ tó dé ilé, ó tún béèrè. "Ọ̀pá mélòó ni wọ́n tẹ́?"

Mo mọ ohun tó ń sọ. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí Iléyá bá ku díẹ̀, tí ọjà fẹ́ gbóná, àwọn Ìjẹ̀bú tó ń ta aṣọ ní Agbassa, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì, a máa kó ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn aṣọ wá sí iwájú ìsọ̀ àgbà wọn. Wọ́n á tẹ́ gbogbo ọ̀pá náà sílẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, wọ́n á ti ìdí wọn mọ́ ògiri, wọ́n á wo orí wọn. Igi a máa jẹ. Ẹni tó ń fi ọ̀pá gbá tábìlì bó ṣe ń wọn aṣọ, orí ọ̀pá rẹ̀ á máa dínkù láìmọ̀. Bí ọ̀pá kan bá kúrú, ẹnikẹ́ni kì í pariwo. Olówó rẹ̀ fúnra rẹ̀ ni yóò gbé e lé orúnkún, yóò dá a sí méjì, yóò lọ ra òmíràn. Kì í ṣe olè. Ẹni tó bá gbé ọ̀pá rẹ̀ pamọ́ sílé lọ́jọ́ náà ni olè.

"Méjì ni, Bàbá. Tirẹ̀ àti tèmi."

"Ọ̀pá méjì kì í dájọ́," ló wí. "Drop o!"

Ó ti ké kí a tó dé kọ́nà wa. Kẹ̀kẹ́ dúró sí ẹnu ọ̀nà wa gan-an.

Mo kọ̀wé sí ẹgbẹ́ lórí WhatsApp. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ ọ́, nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n máa ń wọ̀ bí agbádá bí ọ̀rọ̀ bá di ti ìjọba. Ohun kan ṣoṣo ni mo béèrè: kí gbogbo wa tẹ́ mọ́tò wa sórí tábìlì kan, kí oníkálukú yí tirẹ̀ sí ìlà kẹta, kí a fi bátìrì kan àti mítà kan wọn gbogbo rẹ̀. Alága dáhùn pé ìpinnu ti wáyé. Onímáìkì ní kí Madam fi ọkàn balẹ̀. Mo dá a lóhùn pé ọkàn mi kò balẹ̀, n kò sì ní in lọ́kàn kí ó balẹ̀. Mo tún ìbéèrè mi kọ. Mo tún un kọ.

Ẹni tó gbà mí ni ọ̀gbẹ́ni kan tó máa ń gbẹ̀yìn nínú gbogbo eré. Kò ṣe é nítorí tèmi. Ó kàn kọ ọ́ pé, "Abeg make we check am. Maybe na my own sticker dey do me since." Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ wọ́n lára ju gbogbo Gẹ̀ẹ́sì mi lọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo ẹni tí alága ti ń nà ló ń fura sí sítíkà tirẹ̀. Wọ́n ní kí a wọ̀n.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, èmi kọ́ ni mo di mítà mú. Mo gbé e fún ọ̀gbẹ́ni tó máa ń gbẹ̀yìn, nítorí pé n kò ní ṣe ohun tí mo torí rẹ̀ bá àwọn ẹlòmíì jà. Bàbá wà lórí àga rẹ̀, ó wọ fìlà tó máa ń wọ̀ lọ sí Jímọ́ọ̀. Oníkálukú yí ìdérí rẹ̀ sí ìlà kẹta. Wọ́n so wọ́n mọ́ bátìrì níkọ̀ọ̀kan. Èyí á lọ sókè díẹ̀, ìyẹn á wá sílẹ̀ díẹ̀, bí ọmọ ìyá kan ṣe ń ga jura wọn lọ, ṣùgbọ́n wọ́n súnmọ́ra. Tèmi náà, nígbà tí mo yí i sí ìlà kẹta, àárín wọn ló bọ́ sí. Mo wo onímáìkì. Ó ń wo fóònù rẹ̀.

Wọ́n so ti alága. Ó han gooro, mítà sì gun òkè, ó kọjá gbogbo àwọn yòókù, ó ṣì ń lọ.

"Change battery," ni alága wí.

Wọ́n pààrọ̀ bátìrì. Bákan náà ni.

"Oya, turn am back," ni ọ̀gbẹ́ni oníkẹyìn wí, "make e resemble our own." Alága yí ìdérí rẹ̀ padà, ó ń yí i, ó ń yí i. Nígbà tí mítà fi máa dọ́gba pẹ̀lú ti àwọn yòókù, ìlà kìíní ló wà. Ìyẹn ni pé láti ọjọ́ yìí wá, ọkọ̀ pupa ń kọjá òfin, ẹni tó ń ṣọ́ òfin ló sì ń wà á.

Máìkì wà lórí tábìlì, kò jìnnà sí ọwọ́ mi. Mo mọ ọ̀rọ̀ tí mo lè fi í sọ.

Dípò rẹ̀, mo yọ awò tí mo fi ń wo iṣẹ́ tó kéré, mo wo etí sítíkà alága yípo. Gúùmù rẹ̀ mọ́, eruku kò wọ abẹ́ rẹ̀, ọwọ́ kankan kò kàn án. Mo sọ ọ́ sókè kí gbogbo wọn gbọ́: "Chairman no shift anything. Na from factory dem gum am crooked." N kò ṣàánú rẹ̀ o. Òótọ́ ni mo sọ, nítorí pé mo mọ bí ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ sí mi ṣe wúwo tó, n kò sì ní gbé e lé ẹni tí kò tọ́ sí, ìbáà jẹ́ òun. Ìyàtọ̀ èmi àti wọn nìyẹn, mo sì fẹ́ kí wọ́n rí i.

Alága jókòó sórí kúlà. "So all this time," ló wí, "I dey cook motor for nothing?"

"For nothing," ni mo wí.

Ó gbé mọ́tò rẹ̀. Ó fi èékánná tú etí sítíkà, ó sì ṣí i kúrò fúnra rẹ̀, ó rún un mọ́ ọwọ́. Mo gbọ́ tí Bàbá ní "Ẹ̀hẹ́n" lẹ́yìn mi. Ó ti rí ẹni tó dá ọ̀pá rẹ̀ sí méjì.

Mo yá alága ní jíà kan nínú àpótí mi. A fi mítà yí táímìn rẹ̀ sí ibi tí mo máa ń fi tèmi sí. Ọkọ̀ pupa wọ kọ́nà àkọ́kọ́, ó yọ jáde, alága sì pariwo bí ọmọdé: "Jesus! Una see am?" Àwọn tó pè mí lólè ní Sátidé tó kọjá wá tò sí ẹ̀gbẹ́ àpótí irinṣẹ́ mi, tàwọn ti mọ́tò lọ́wọ́. "Aunty, abeg, my own." "Aunty, I don dey here before am o!" Mi ò ní parọ́, ara mi wú. Mo kọ́ wọn níkọ̀ọ̀kan. Ìtàn kẹ̀kẹ́ inú gosílóò tí wọ́n gbé ọwọ́ dá dúró, mo sọ ọ́ parí.

Fóònù gbogbo wa dún lẹ́ẹ̀kan náà. Onímáìkì ló kọ̀wé sórí WhatsApp. Gẹ̀ẹ́sì tó gùn, tó dán, pé ìgbìmọ̀ kábàámọ̀ ìdààmú èyíkéyìí tó lè ti wáyé. Kò dárúkọ ẹni tí wọ́n ṣẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ "olè" níbẹ̀. Mo kà á tán ní ìdúró, mo tọ̀ ọ́ lọ.

"No be for WhatsApp you call me tif," ni mo wí. "Na mic you use. No be for English too."

"Ah, Aunty. E don pass na."

"E never pass. My papa dey siddon for there."

Ó wo alága. Alága ní, "Carry mic, my guy. Talk am."

Ó gbé máìkì, ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni ń gbàdúrà nínú bọ́ọ̀sì: "Madam no be tif."

Bàbá gbé ọwọ́ sí etí. Ó fi Pidgin Agbassa tó ti fi ta aṣọ fún ìran mẹ́ta dáhùn. "I no hear!"

Pápá bú sẹ́rìn-ín.

"I say Madam no be tif!"

"Na me you dey tell? I born am, I know before. Face that side! Make gateman hear!"

Onímáìkì yíjú sí géètì, ó fa èémí, ó ké e débi pé ẹni tó ń ṣọ́ géètì ilé àlejò yọ orí jáde, ó béèrè pé ta ni wọ́n mú. Nígbà náà ni Bàbá gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè padà.

Wọ́n gbé ife fún mi. Apá rẹ̀ kan ti kán láàárín ọ̀sẹ̀ kan tó fi wà nílé alága. Mo sọ ọ́ níbẹ̀. Mo tún sọ pé kì í ṣe àpapọ̀ ẹgbẹ́ ló kọ́kọ́ fẹ̀sùn kàn mí, pé ó yẹ kí alága tó fẹ̀sùn kàn mí fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé mi ò jalè náà. Wọ́n ní kí n jẹ́ alámòójútó ìwọ̀n ẹgbẹ́ láti ọjọ́ náà lọ. Mo ní mo gbà, àfi ọjọ́ tí mo bá díje. Wọ́n ní, "But Aunty, na every week you dey race." Mo ní ẹ wá ẹlòmíì nígbà náà. Ọ̀gbẹ́ni oníkẹyìn ni wọ́n fún.

Nínú kẹ̀kẹ́, Bàbá gbé ife náà lé itan. Mo ṣì ń ka ohun tó kù tí wọn kò tíì ṣe fún mi, mo ti dé orí ìwé tí wọ́n kọ sórí WhatsApp tí wọn kò tíì pa rẹ́, nígbà tó dá mi dúró.

"Ó tó. Wọ́n ti tẹ́ gbogbo ọ̀pá sílẹ̀, gbogbo ojú ti rí i."

"Apá ife yẹn ńkọ́, Bàbá? Odidi ni wọ́n gbé e lọ."

Ó yí ife náà sí ìmọ́lẹ̀, ó wo ibi tó ti kán. "Ṣebí wọ́n ní o mọ gúùmù lẹ̀?" ló wí. "Tó o bá délé, lẹ̀ ẹ́."